Fódíkà Òyìnbó Agbẹ́kànga

Nígbà tí ọkọ mi kú ní Sókótó, mi ò sunkún. Ọmọ wa obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àìsàn tí àwọn Hausa ń pè ní sánkárau ni. Ìgbà ooru ló máa ń wá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Orí á máa fọ́ ènìyàn, ara á máa jó, ọrùn á le gbagidi, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa wá ẹni tó máa gbẹ́ ilẹ̀. Lọ́dún náà, ó wọ ilé púpọ̀ ní àdúgbò wa.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ìdí ògiri ni mo dúró sí, mò ń wo àwọn ọkùnrin tó gbé e. Ohun tí mo rántí ni pé okùn bàtà ọ̀kan nínú wọn já, ó sì ń wọ́ bàtà náà nílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí wọ́n padà wá gbé bàbá rẹ̀, ìdí ògiri yẹn náà ni mo tún wà. Àwọn obìnrin dì mí mú, wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣubú. Mi ò fẹ́ ṣubú. Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Sunkún, sunkún, kó lè fúyẹ́ lára rẹ." Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ara mi ti kú, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí kò fi mọ̀ pé tòun ni mọ́.

Inú ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni a ń gbé, nítorí ọjà kan náà ni òun àti ọkọ mi jọ ń tà. Obì gbànja ni wọ́n ń gbé láti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá, wá sí Sókótó. Ará Ìlọrin ni gbogbo wa. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe opó mi pé, bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, mò ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbé tùwó wá tàbí wọ́n gbé ìrẹsì wá, ọ̀kan náà ni lẹ́nu mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ ìyẹ̀fun tútù. Nígbà tí mo jáde opó, òjò ti ń lọ sílẹ̀. Ìyálé mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní màá padà sí ìdí ọjà mi. Kì í ṣe pé ọjà náà wù mí. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe ni, kò sì nílò kí n máa ronú.

Ìgò ni mo ń tà ní ọjà ńlá, níbi tí wọ́n ń pè ní Babbar Kasuwa. Mo máa ń ra òfìfo ìgò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé òyìnbó àti lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù, màá fọ̀ wọ́n, màá tà wọ́n fún àwọn olóróró, àwọn olóyin, àwọn onítùràrí àti àwọn tó ń ta kẹrosíìnì. Iṣẹ́ wà nínú fífọ ìgò. Ènìyàn á da yanrìn wẹ́wẹ́ àti omi gbígbóná sínú rẹ̀, á fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, á mì í títí tí ìdọ̀tí ìdí rẹ̀ á fi já. Bí ó bá jẹ́ epo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, eérú la máa ń lò. Tí mo bá ti jókòó sídìí agbada omi lówùúrọ̀, tí mo ń mi ìgò, màá kàn rí i pé oòrùn ti dé àárín ọ̀run.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nígbà tí òyìnbó kan dúró síwájú ìsọ̀ mi. Ó ga, ó gbẹ. Irun rẹ̀ ti funfun, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kò tíì darúgbó. Mo ti mọ̀ ọ́n ní ojú, nítorí gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Òun ni ó ń gbẹ́ kànga fún ìjọba ní àwọn abúlé tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Póláǹdì ló ti wá, ó sì gbọ́ Hausa dáadáa, irú Hausa àwọn ará oko, nítorí àárín wọn ló ń gbé ju ìgboro lọ.

Ó ní, "Sannu, mai kwalba." Kwalba ni Hausa ń pe ìgò, nítorí náà onígò ló pè mí.

Mo kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìgò kan, ó gbé e símú. Ó gbé e sílẹ̀. Ó mú òmíràn. Mi ò rí oníbàárà tó ń gbóòórùn ìgò rí, wọ́n máa ń wo inú rẹ̀ nínú oòrùn ni.

Ó ní, "Èyí ti gbé kẹrosíìnì rí."

Mo ní, "Mo ti fọ̀ ọ́."

"O fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ṣì ń rántí ni."

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sí imú tèmi. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mo mú èyí tó wà fún olóyin, mi ò gbọ́ òórùn kankan níbẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé àwọn ènìyàn mi lọ, imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìgò gbé.

Ó ní, "Ohun tí kò gbọdọ̀ ní òórùn nǹkan míì." Ó ṣa àwọn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn ò pọ̀. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa kó ìgò wá sílé òun, kí n máa fi omi sísè fọ̀ wọ́n níbẹ̀ lójú òun, nítorí òun fẹ́ se nǹkan kan ní ìgbà ọyẹ́ yìí, ìgò tó mọ́ sì nira láti rí.

Ilé ìjọba tó ń gbé wà ní apá Gawon Nama. Igi dọ́ńgóyárò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé náà, abẹ́ rẹ̀ ni ó tẹ́ gbogbo nǹkan rẹ̀ sí. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀, Hausa àgbàlagbà kan, máa ń jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Kúkù ilé náà ti sọ fún òyìnbó pé òun á se gbogbo ohun tó bá fẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ò ní sí nínú ọtí. Tí wọ́n bá ti dáná sídìí ìkòkò yẹn, kúkù á ká aṣọ rẹ̀, á lọ sílé.

Ọtí ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn bi mí lẹ́yìn náà pé báwo ni èmi, ọmọ ilé kéwú, ṣe lè jókòó sí irú ibẹ̀.  Wọ́n ní kí n wá fọ ìgò, mo lọ fọ ìgò. Tí wọ́n bá ní kí n wá ka yanrìn, ǹ bá lọ kà á.

Ọkà bàbà tuntun ni ó fi ń ṣe é. Ó ní ní ìlú òun, ànàmọ́ òyìnbó tàbí irú ọkà kan tó ń hù nínú òtútù ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọkà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wá tì ní Sókótó. Ó rẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi, ó tẹ́ ẹ sórí àpò tútù títí ó fi hu gbòǹgbò wẹ́wẹ́, ó wá sá a, ó ní kí wọ́n lọ̀ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù, ó lọ̀ ọ́ láì jẹ́ kó hù, ó sè é bí ẹni ń se ògì tó ki, ó sì dúró kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà náà ni ó da ìyẹ̀fun ọkà tó hù sí i. Nígbà tí ó fi ṣíbí bu díẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ó ní kí n tọ́ ọ wò, pé kò tíì di ọtí, pé ó ti dùn bí oyin ni.

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ó dùn," nítorí pé ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ó fi ìwúkàrà tó gbà lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì sí i, ó dà á sínú àwọn ìkòkò amọ̀ ńláńlá, ó fi aṣọ bò wọ́n. Inú ìkòkò wọ̀nyẹn ń hó láìsí iná nísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró jẹ́ẹ́, á gbọ́ ọ, bí ìgbà tí àwọn ọmọdé ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní yàrá kejì. Nígbà tí híhó náà dákẹ́, ó sẹ́ ẹ, ó sì dà á sínú ìkòkò bàbà kan tó ní ọrùn gígùn. Páìpù jáde láti orí ọrùn náà, ó lọ́ kiri nínú dírọ́ọ̀mù tó kún fún omi tútù, ó sì yọ imú síta nísàlẹ̀. Ọyẹ́ ló fi ń dúró de iṣẹ́ yìí, torí ní àsìkò ooru, omi Sókótó kì í tutù tó láti sọ ooru ìkòkò náà di omi padà.

Ó rọra koná. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó jáde. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó gbe èyí tó kọ́kọ́ kán, ó dà á sórí iyanrìn.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ dà á nù? Ṣé kì í ṣe òun lẹ̀ ń wá ni?"

Ó ní, "Èyí ni orí rẹ̀. Ẹni tó bá mu ún lè fọ́jú. Àárín la fẹ́. Ìrù rẹ̀ náà ò dáa, ó máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí àárín ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ kan imú rẹ̀. Ó wá wò mí, ó sì rántí nǹkan kan, nítorí pé mo ti sọ fún un pé imú mi ò gbọ́ òórùn. Ó mú ṣíbí, ó gbe díẹ̀, ó sáná sí i, ó ní kí n wo iná náà. Iná aláwọ̀ búlúù ni, ó rọra ń mì lórí ṣíbí, kò ní èéfín.

Kì í sè é lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un sè, ó tún tún un sè, ó ní kí ọkà náà lè kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ó fọ́ èédú wẹ́wẹ́, ó kó o sínú àrọ tó fi òwú dí nídìí, ó sì jẹ́ kí ọtí náà máa gba inú èédú náà kọjá díẹ̀díẹ̀. Ní ìkẹyìn, ó pò ó mọ́ omi sísè tó ti tutù. Nígbà tí ó dà á sínú ìgò mi, tí ó gbé e sókè, mi ò lè sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí omi kànga.

Ó ní, "Fódà ni omi ní èdè wa. Tí omi bá kéré, tí ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀, a máa ń pè é ní fútíkà. Bí ìgbà tí ìyá ń ké ọmọ ni." Fódíkà ni gbogbo ayé wá ń pè é lónìí.

Tí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá ti gba owó ìgò mi, ǹ bá sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ní ilé àwọn, kò sẹ́ni tó ń fi irú rẹ̀ báyìí gbé e síwájú àlejò. Àwọn obìnrin ilé ló máa ń fi nǹkan sí i. Ìyá rẹ̀ máa ń fi èso igbó sí i, àti oyin, àti ewé. Òun fẹ́ ṣe oríṣiríṣi, nítorí àwọn ará ìlú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Gusau àti Kàdúná máa ń wá bá a ṣe ọdún Kérésì.

Ó fi dàbínù sí ìgò kan, kò pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bíi tíì. Ó fi atalẹ̀ sí òmíràn. Ó yọ́ oyin lórí iná, ó fi kànáfùrù àti ata gbígbẹ sí i, ó sì pò ó mọ́ ọtí náà nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó dán àjàgbọn wò, èyí tí Hausa ń pè ní tsamiya. Èyí dàrú, ó dà bí omi àgbàrá, ó bínú dà á nù. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín lórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Kai! Tsamiya ti kọ̀ ọ́."

Ti koríko ló dùn ún jù. Ó ní koríko kan wà nínú igbó ìlú òun tí àwọn ẹran ńlá bí ẹfọ̀n máa ń jẹ. Tí ènìyàn bá fi ẹyọ kan péré sínú ìgò, ọtí náà á ní àwọ̀ ewé díẹ̀, á sì máa ta sánsán bíi pápá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ já oríṣiríṣi koríko ní àkùrọ̀ odò Rima, gbogbo wọn wà nínú àwọn ìgò kéékèèké lójú fèrèsé rẹ̀. Èmi náà mú ewé tíì lọ fún un. Ó gbé e símú, ó ní ó dára, ó ní kì í ṣe òun. Ó tún bẹ àwọn Fúlàní tó ń da màlúù kọjá. Wọ́n kó ìdì koríko wá. Kì í ṣe òun.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe ti ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa bó o. Èèpo òde nìkan la fẹ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí funfun abẹ́ rẹ̀ má tẹ̀ lé e, torí funfun náà ló máa ń sọ ọ́ di kíkorò. Mo ń bó o. Bí mo ṣe tẹ èèpo kan, omi rẹ̀ ta sí mi lójú, mo sì gbọ́ òórùn ọsàn.

Mo gbọ́ ọ ni. Ó wọlé gba imú mi bí ìgbà tí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn láìkànkùn. Mo dúró. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Òyìnbó wò mí. Ó ti àwọn ọsàn tó kù sí ọ̀dọ̀ mi, ó sì kọjú sí ìkòkò rẹ̀. Mo bó gbogbo wọn tán. Mo ń retí pé nǹkan míì á tẹ̀ lé òórùn náà, bóyá omi ojú. Kò sí nǹkan tó tẹ̀ lé e. Ọsàn nìkan ni.

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nílé. Ó ń kó aṣọ mi láti fọ̀, òórùn kan sì dá a dúró.

Ó ní, "Ìyàwó, kí ni èyí?"

Mo sọ fún un. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó jókòó, ó gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀, ó ní, "Haba! Ṣé o mọ ohun tí Bàbá máa sọ?"

Bàbá ni a máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kéwú dé ibi tó dára, kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ní, "Wọ́n ní o ń bá òyìnbó se ọtí."

"Mo ń fọ ìgò fún wọn, Bàbá."

"Ẹni tó ń sè é, ẹni tó ń gbé e, ẹni tó ń fọ ìgò rẹ̀, o rò pé wọ́n jìnnà síra wọn?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, Bàbá."

 Mo rò pé ó ń retí kí n bẹ̀bẹ̀ tàbí kí n jiyàn, kí òun lè mọ ibi tí òun máa gbà. Ó ní, "Tí ó bá ti parí èyí tó wà lọ́wọ́, má padà síbẹ̀ mọ́." Mo ní mo gbọ́.

Ní ọjọ́ tí ọdún wọn ku ọ̀la, mo kó àwọn ìgò tó kẹ́yìn lọ fún òyìnbó. Oòrùn ti ń wọ̀. Kúkù ti se oúnjẹ sílẹ̀, ó ti lọ. Lórí tábìlì, àwọn àwo wà fún bí ènìyàn mélòó kan, aṣọ funfun sì wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé koríko gbígbẹ wà lábẹ́ aṣọ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé. Òyìnbó jókòó sídìí tábìlì náà, ìwé wáyà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Wọn ò ní lè wá mọ́.

Mo kí i pé kí Ọlọ́run mú wọn dé láyọ̀ lọ́jọ́ míì. Mo fẹ́ máa lọ. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó wojú ọ̀run, ó ń wá nǹkan kan. Nígbà tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ yọ, ó padà wọlé, ó ní, "A lè jẹun báyìí." Ó pe dẹ́rẹ́bà pé kó wá jókòó. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní tábìlì máa ń lé oúnjẹ sẹ́yìn lọ́nà ọ̀fun òun. Ó bu tirẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, níbi tí a ti ń rí i. Òyìnbó wá na ọwọ́ sí àwo kan tó wà ní ìpẹ̀kun tábìlì.

"Èyí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ní ìlú wa, lálẹ́ òní, a máa ń gbé àwo kan kalẹ̀ fún ẹni tí a kò retí."

Mo ní, "Ta ni ẹ kò retí?"

Ó ní, "Ìwọ."

Mo jókòó. Ẹja odò ni, kò sí ẹran kankan níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà àti kábéèjì. Ó bu búrẹ́dì, ó fún mi ní ìdajì, ó sọ nǹkan kan ní èdè rẹ̀. Ó da ti èèpo ọsàn sínú gíláàsì kékeré fún ara rẹ̀, ó da omi sínú èyí tó jọ ọ́ fún mi. Ó jẹ́ kí n rí i pé inú kúlà omi ló ti bù ú, kí ọkàn mi lè balẹ̀. A jẹun. 

Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà sọ fún mi nípa ọkọ rẹ àti ọmọ rẹ. Allah ya jiƙansu."

Bí Hausa ṣe ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún òkú nìyẹn, mo ní àmín. Mo bi í bóyá òun náà ní ẹbí.

Ó ní, "Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọkùnrin méjì. Ogun kó mi lọ. Nígbà tí mo padà, mi ò rí ilé wa, mi ò tilẹ̀ rí àdúgbò náà. Ẹnì kan ní wọ́n kó wọn lọ. Ẹlòmíràn ní ilé ló wó lù wọ́n. Mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Mo ní, "Èmi mọ ibi tí tèmi wà."

"Ìyẹn dára."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tún mu díẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ sunkún?"

"Rárá. Mo ń gbẹ́ kànga."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe. Mo mi orí. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, kò sì ṣòro fún mi láti jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ́. Ní ilé wa, gbogbo ènìyàn ló ń wo ojú mi, tí wọ́n ń dúró de ohun tó máa jáde níbẹ̀. Òyìnbó yìí kò dúró de nǹkan kan. Ó ń yọ egungun ẹja rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, dẹ́rẹ́bà fi ọkọ̀ gbé mi délé, wọn ò tíì pe ìrun Àṣálẹ́.

Dẹ́rẹ́bà ló sọ ọ́ lọ́jà. Kò sọ ọ́ láti bà mí jẹ́. Ohun tó rí ni ó sọ, bí ènìyàn ṣe ń ròyìn ohun tó ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbànja, ó ti di pé èmi àti òyìnbó jọ ń mutí.

Bàbá pè mí. Ìyálé mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Bàbá ní, "Ṣé o mu ún?"

"Mi ò mu ún, Bàbá. Omi ni mo mu."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣé kí n máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí n máa sọ fún wọn pé omi ni?" Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Òun náà ti sin àbúrò rẹ̀ lọ́dún náà. Ó ní, "Ọ̀nà méjì ni mo rí. Ọkọ̀ kan ń lọ sí ìsàlẹ̀ tí ọyẹ́ bá kásẹ̀, o lè bá a padà sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ. Tàbí kí n ṣú ọ lópó, kí o di ìyàwó mi, kí ẹnu wọn lè dákẹ́. Ìyálé rẹ mọ̀ sí i."

Mo wo ìyálé mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mo máa ń ṣe. Mo rò pé màá sọ pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun míì ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò ní lọ sí Ìlọrin, ibí ni wọ́n sin wọ́n sí. Mi ò sì ní fẹ́ yín. Kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ mí. Mi ò kàn lè ṣe é ni."

 Ìyálé mi gbé orí sókè. Bàbá fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò òyìnbó yẹn ti parí lónìí."

Mo ní, "Ó ti parí, Bàbá." Mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sọ fún òyìnbó níwájú dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kò lè wò mí lójú. Òyìnbó gbọ́ ọ parí, ó mi orí, ó ní, "To, shi ke nan," bí Hausa ṣe máa ń sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti tán. Ó bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe dáadáa tí kò lé mi.

Ní àsìkò ooru tó tẹ̀ lé e, àìsàn náà padà wá. Kò wọ ilé wa. Èmi ni mò ń lọ bá àwọn obìnrin àdúgbò jókòó nígbà tí wọ́n bá gbé tiwọn jáde. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kó sunkún. Mo máa ń fọ àwo wọn, mo máa ń pọnmi kún ìkòkò wọn, tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́. Ìyálé mi ní èmi ni wọ́n máa ń béèrè.

Kí òjò tó dé, ìjọba gbé òyìnbó lọ sí apá Bornu, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n ju tiwa lọ. Dẹ́rẹ́bà bá a lọ. Òyìnbó wá sí ọjà láti kí mi, ó dúró síwájú ìsọ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wa. Ó bi mí bóyá mo ń sùn. Mo ní mo ń sùn díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun náà. A kíra wa pé ó dàbọ̀, bí oníbàárà àti ọlọ́jà.

Télọ̀ kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Bàbá ló dúró fún mi níbi ìgbéyàwó náà. Mo bímọ sílé rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn ní ọ̀nà tí mo mọ̀, mo bọ́ wọn, mo wẹ̀ wọ́n, mo sì máa ń fọwọ́ kan ọrùn wọn nígbà ooru láti mọ̀ bóyá ó rọ̀.

Nígbà tí àgbà ọmọ mi ti ń lọ sí ilé kéwú, dẹ́rẹ́bà padà sí Sókótó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, ọmọ rẹ̀ ló mú un lọ́wọ́ wá sílé mi. Mo tẹ́ ẹní fún un. Ó ní òyìnbó ṣì wà ní Bornu, ó ṣì ń gbẹ́ kànga. Ó ní ó ti pẹ́ tí kò ti se ọtí yẹn mọ́, ìkòkò bàbà náà wà nínú stọ́ọ̀ pẹ̀lú eruku lórí rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun ò béèrè. Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó sì bi mí nípa àwọn ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe dàgbà tó. Mo pè wọ́n jáde kí wọ́n wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò lè rí wọn láti ibi tó jókòó sí.